Àyè Ẹnì Kan

Owú kì í ṣe àlejò nínú ilé Àlàájì Àbdùlsàlàm ní àdúgbò Sóńgò nílùú Niamey, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyálé àti ìyàwó ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Àlàájì fúnra rẹ̀, aṣọ ló ń tà ní Ọjà Ńlá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí i, àbúrò bàbá rẹ̀ ló tẹ̀ lé wá sí Niamey nígbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀, ibẹ̀ ló sì fìdí kalẹ̀ sí. Àjọkẹ́, ọmọ ìlú rẹ̀, ni ìyálé. Hàdìzà, ọmọ ẹ̀yà Zarma láti àdúgbò Bùkókì, ni ìyàwó, ó sì gbọ́ Yorùbá débi pé ó lè fi í pa òwe. Láti ìgbà tí Hàdìzà ti wọlé ni Àjọkẹ́ ti pààlà sí àgbàlá: ìdáná tirẹ̀ lọ́tọ̀, okùn ìsáṣọ rẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n á kí ara wọn láàárọ̀, ó parí, ó tún di ọjọ́ kejì.

Àwọn ọmọ wọn ni kò bá wọn dá sí i. Sùfíyánù, àkọ́bí Àjọkẹ́, ló máa ń gbé Sùmáyà ọmọ Hàdìzà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé-ìwé Faransé nígbà tí ọmọ náà kò tíì lè so okùn bàtà. Òun ló kọ́ ọ ní ìṣirò. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ là wọ́n, tó ní ṣé ọbàkan rẹ̀ nìyẹn, á ní àbúrò òun ni, á sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó wọ yunifásítì tó wà lódìkejì Odò Ọya láti kọ́ kẹ́mísírì, Sùmáyà ní ibẹ̀ ni òun náà ń lọ. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni wọ́n pè é, àfi ìgbà tó lọ lóòótọ́.

Lẹ́yìn tí Sùfíyánù parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó dúró sí lábò kékeré kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Jíbò ń darí. Zarma ni Jíbò, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti pẹ́ lókè òkun kó tó padà wálé. Iṣẹ́ tó gbé lọ́wọ́ kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ó rọrùn láti sọ. Orílẹ̀-èdè Niger ń wa yùréníọ̀mù láti inú aṣálẹ̀ lápá àríwá, wọ́n ń kó o lọ sókè òkun, wọ́n ń fi í ṣe iná mànàmáná. Bó bá jó tán níbẹ̀, ohun tó kù kì í ṣe eérú lásán. Nínú àlòkù yẹn ni àwọn irin ọ̀wọ́n kan ti máa ń jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe òòfà kékeré inú tẹlifóònù àti òòfà ńlá inú ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí. Wọ́n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àárín oró ni wọ́n há sí. Bí wọ́n ṣe lè yọ wọ́n jáde ni Jíbò ń wá. Ó máa ń sọ pé bí wọ́n bá tilẹ̀ ti kó yùréníọ̀mù ilẹ̀ òun lọ, ó yẹ kí ọmọ ilẹ̀ náà mọ ohun tó dà lẹ́yìn tó lọ.

Kò sí ẹ̀kún ṣíbí kan àlòkù náà ní Niamey, kò sì gbọdọ̀ sí. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń ra àwọn irin ọ̀wọ́n náà ní mímọ́, èyí tí kò ní ìtànṣán olóró kankan lára, wọ́n á yọ́ wọn pọ̀ sínú ásíìdì kó lè jọ tòótọ́. Inú ayédèrú yìí ni Sùfíyánù ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mélòó kan. Ohun tó ń dà á láàmù ni pé àwọn irin náà jọra bí ìbejì: ohun tó bá fa Táyé jáde, òun náà ló ń fa Kẹ́hìndé. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní niodímù, omi rẹ̀ dà bí omi tí wọ́n fi ṣan àlùbọ́sà pupa. Ìkejì rẹ̀ dà bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Sùfíyánù ti lo oríṣiríṣi epo tí wọ́n rà láti òkè òkun láti fi fa niodímù nìkan, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì máa ń jùmọ̀ jáde. Ìyá rẹ̀ á ní kó wá gbéyàwó, Sùfíyánù á ní kí wọ́n jẹ́ kí òun yanjú èyí ná.

Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba padà fún olóṣèlú, tí àwòrán àwọn tó ń dupò kún gbogbo ògiri ìlú, ni Sùmáyà wọ lábò náà. Inú Sùfíyánù dùn. Òun ló fi bó ṣe ń fọ ìgò hàn án, òun ló sọ ibi tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn fún un. Kò ju àkókò òjò kan lọ tí Sùmáyà fi mú oje igi ẹlẹ́gùn-ún kan wá, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní káro. Ní Bùkókì, lágbàlá ìyá ìyá rẹ̀, àwọn ọmọ kéú máa ń fi oje yẹn lú èédú kí tàdáwà wọn lè lẹ̀ mọ́ wàláà dáadáa. Ó ní bó bá lè di èédú mú, òun fẹ́ mọ ohun mìíràn tó lè dì mú. Ó sè é pọ̀ mọ́ oògùn kan, ó sá a, ó lọ̀ ọ́, ó dà á sínú ayédèrú. Nígbà tó di ọ̀sán, ìyẹ̀fun ìsàlẹ̀ ìgò náà ti di aláwọ̀ àlùbọ́sà, omi òkè sì ti di aláwọ̀ ewé. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yà, ṣùgbọ́n ojú lásán rí i pé ó yà.

Sùfíyánù ló kọ́kọ́ ki àbúrò rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó gbé e sókè. Kò díbọ́n, inú rẹ̀ ló ti wá. Ìgbà tó dórí afárá lórí alùpùpù, tó ń padà sílé, ni nǹkan kan ta á nínú bí ìgbà tí ẹ̀gún bá ta ènìyàn lẹ́sẹ̀. Ó rò pé ebi ni. Ó jẹun, kò lọ.

Láti ìgbà náà ni etí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí. Jíbò bá wọlé, á kọ́kọ́ pe Sùmáyà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń wá bi í ní ìbéèrè ti ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sí tábìlì Sùmáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí Sùmáyà bá rẹ́rìn-ín, á rò pé òun ló ń rín. Bó bá gbé tíì wá fún un, á rò pé àánú ló ń ṣe é. Ọmọ tó ti gbé sẹ́yìn kẹ̀kẹ́! Ó ń bá ara rẹ̀ wí, ó ń kírun, ó ń bẹ Ọlọ́run kó mú un kúrò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan tí kò sí ẹnikẹ́ni ní lábò, ó lọ ṣe ohun tí Sùmáyà ṣe, bó ṣe ṣe é gẹ́lẹ́. Nígbà tó ń dà á pọ̀, ó mọ̀ pé òun ń fẹ́ kó má ṣiṣẹ́. Ó dúró tì í. Àwọ̀ àlùbọ́sà náà jáde, ó tilẹ̀ dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó da gbogbo rẹ̀ nù, ó fọ ìgò náà, ó lọ sílé.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àyè jáde. Lábò ńlá kan wà ní ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ti ń fi àlòkù tòótọ́ ṣiṣẹ́. Wọ́n ti gbọ́ nípa káro, wọ́n sì ní àwọn lè gba ẹnì kan láti Niamey kó wá fi dán àlòkù gidi wò fún ọdún méjì. Ẹnì kan ṣoṣo. Jíbò kọ́kọ́ pe Sùfíyánù sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún un, ó ṣàlàyé pé Sùmáyà ló ni ọ̀nà náà, òun ló yẹ kó lọ, àti pé Sùfíyánù ni òun fẹ́ gbé lábò ilé lé lọ́wọ́. Sùfíyánù ní alhamdulillahi. Ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ dáadáa.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó yà kí bàbá rẹ̀ ní ìsọ̀. Àlàájì ń ká àńkárá, ó ní kó jókòó. Ó ní ọ̀rọ̀ ìrìn àjò Sùmáyà yìí ń kọ òun lóminú. Àwọn oníbàárà òun láti apá àríwá ti sọ fún òun nípa eruku ibi tí wọ́n ti ń wa nǹkan ọ̀hún, ikọ́ tí kì í lọ, omi tí ẹran mu tó kú.

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n," ni ó wí. "Ṣé kò ní pa ọmọ náà lára?"

Sùfíyánù di etí aṣọ kan mú, ó ń bá a ká a.

"Bàbá, ohun tó ń pani ni. Ìtànṣán tó wà lára rẹ̀, ojú kì í rí i, imú kì í gbóòórùn rẹ̀. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn kì í pẹ́ láyé. Obìnrin tí kò sì tíì bímọ…"

Ó fi ìyókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò purọ́. Gbogbo ohun tó sọ ló rí bẹ́ẹ̀ nípa àlòkù tí ènìyàn bá fi ọwọ́ lásán gbé. Ohun tí kò sọ ni pé kò sí ẹni tó ń fi ọwọ́ lásán gbé e. Kò sọ̀rọ̀ nípa ògiri tó nípọn ju igi osè lọ, tàbí gíláàsì tí wọ́n fi ń wò ó láti òdìkejì, tàbí ọwọ́ irin tó ń bá ènìyàn mú ìgò. Kò sọ pé gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló ń so ohun kan mọ́ àyà tó ń ka ìtànṣán, tó jẹ́ pé kó tó di ohun tó lè pa wọ́n lára ni wọ́n á ti ní kí wọ́n kúrò nídìí iṣẹ́ náà. Àlàájì gbé aṣọ náà sórí àwọn yòókù. Ó ní ó ti tó.

Nígbà tí wọ́n kírun àṣálẹ̀ tán, Àlàájì pe Sùmáyà, ó ní kò lọ mọ́. Hàdìzà ti ń sunkún kí wọ́n tó pè é. Sùmáyà kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń ṣàwàdà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ṣùgbọ́n Faransé ló ń tẹnu rẹ̀ jáde, nítorí pé Faransé ló fi kọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá yíjú sí Sùfíyánù tó jókòó sórí ẹní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi ṣàlàyé fún wọn. Yorùbá yín jinlẹ̀ ju tèmi lọ."

Sùfíyánù wo ilẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ òbí, òbí ló ni í.

Jíbò fúnra rẹ̀ wá bẹ Àlàájì. Wọ́n gbé omi fún un, wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, Àlàájì sì sọ fún un pé bó bá jẹ́ ọmọ tirẹ̀ ni, òun náà kò ní jẹ́ kó lọ. Kí àyè náà má baà bọ́ sọ́wọ́ ìlú mìíràn, Jíbò fi orúkọ Sùfíyánù rọ́pò. Sùfíyánù gbà á. Àlàájì ní ti ọkùnrin yàtọ̀, àti pé òun ló mọ iṣẹ́ náà jù. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó sùn dáadáa, èyí tí kò ṣe láti ọjọ́ pípẹ́.

Àjọkẹ́ yọ̀. Kò lè pa á mọ́ra. Ó dín àkàrà, ó ní kí wọ́n gbé lára rẹ̀ fún Hàdìzà, ohun tí kò ṣe rí. Hàdìzà gbà á, ó wá fúnra rẹ̀ láti dúpẹ́, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ìdáná ìyálé rẹ̀.

"Ìyálé mi, mo bá yín yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí fún un. Ohun tí wọ́n ní ó máa pa tèmi, ṣé kò ní pa tiyín?"

Kò sí ẹ̀gún nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àjọkẹ́ mọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́gùn-ún bó bá gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé èyí kì í ṣe é. Ayọ̀ rẹ̀ bà jẹ́. Lọ́jọ́ kejì, bó ti ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo pẹrẹsẹ, ó pe ọmọ rẹ̀, ó ní kó jókòó sórí àpótí níwájú òun.

"Àdìgún." Oríkì rẹ̀ nìyẹn, ìyá rẹ̀ kì í pè é bẹ́ẹ̀ àfi bí ọ̀rọ̀ bá wúwo. "Mi ò fẹ́ kí o lọ mọ́. Ẹ̀mí rẹ jù ú lọ."

Sùfíyánù rẹ́rìn-ín. Láti pa ìyá rẹ̀ lẹ́kún, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ògiri, gíláàsì, ọwọ́ irin, ohun tí wọ́n ń so mọ́ àyà. Ó ní ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n sì ń bímọ. Ó sọ ọ́ dáadáa, ní Yorùbá tó mọ́, ó tilẹ̀ fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí ọwọ́ irin náà ṣe ń ṣe. Kó tó parí ni ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti dúró nínú ẹ̀wà.

"Ṣé bàbá rẹ mọ gbogbo èyí?"

Sùfíyánù bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣa òkúta inú ẹ̀wà.

"Àdìgún, mo bi ọ́ ní ọ̀rọ̀."

"Mi ò sọ ọ́ fún wọn, Ìyá."

Àjọkẹ́ wò ó títí. Ó ṣa òkúta kan, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Má wulẹ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Èmi tí mo ti ń bá a gbé láti ìgbà tí Hàdìzà ti wọlé, ṣé èmi ni mi ò ní dá a mọ̀? Mo rò pé ara mi nìkan ló wà. Mi ò mọ̀ pé o bá mi mu ún nínú ọmú." Ó gbé àwo ẹ̀wà náà kúrò lẹ́sẹ̀. "Lọ sọ ìyókù fún bàbá rẹ. Bí o kò bá lọ, èmi á lọ. Àwọn ará ilé yìí á wá rí i tí Àjọkẹ́ ń gba ẹjọ́ ọmọ Hàdìzà rò lórí ọmọ tó bí. Má jẹ́ kí n rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀."

Sùfíyánù ní òun á lọ lẹ́yìn Jímọ̀ọ̀. Wọ́n kírun Jímọ̀ọ̀ tán, ó lọ sí àdúgbò Lásárẹ́ẹ̀tì lọ tún alùpùpù tí kò bàjẹ́ ṣe, ó jókòó sọ́dọ̀ mẹkáníìkì títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà tó dé ilé, ìyá rẹ̀ ti wọ aṣọ òde, ó ti fi gèlè sórí, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Sùfíyánù mọ̀ pé òun ló ń dúró dè, kó tó dìde lọ bá bàbá òun. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ sí ìsọ̀ bàbá rẹ̀.

Obìnrin Haúsá kan ń ná aṣọ, ó ná an pẹ́. Sùfíyánù dúró títí tó fi lọ. Ó wá kúnlẹ̀ lórí ẹní ìsọ̀, ó sọ ìyókù. Àlàájì fa aṣọ sórí itan. Ó ń ká èyí tí obìnrin náà tú sílẹ̀.

"Nígbà tí o sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ fún mi, ṣé ẹ̀rù ló bà ọ́ fún àbúrò rẹ, àbí nǹkan mìíràn ni?"

"Nǹkan mìíràn ni, Bàbá."

Àlàájì mi orí. Ó ní kó lọ sọ ọ́ fún Sùmáyà fúnra rẹ̀, kí òun má jẹ́ ẹni tó máa bá a sọ ọ́.

Abẹ́ igi ọsàn tó wà lẹ́yìn lábò ni ó ti sọ ọ́. Ó rò pé á pariwo, á bú òun. Sùmáyà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bi í bóyá lọ́jọ́ tí òun ní kó bá òun ṣàlàyé, ó ti mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Sùfíyánù ní bẹ́ẹ̀ ni. Sùmáyà wọlé lọ.

Wọ́n dá àyè náà padà fún un. Lọ́jọ́ tó ń lọ, gbogbo ilé sìn ín dé pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ó dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó dì mọ́ Àjọkẹ́ náà, Àjọkẹ́ sì ki owó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó kan Sùfíyánù, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ bí ẹni tó ń kí àgbà tí kò mọ̀ rí, ó ní kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wọn sí. Sùfíyánù ì bá gbà kó gbá òun létí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ju oṣù mẹ́fà lọ tí Sùmáyà kò fi pè é. Ẹnu Jíbò ló ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Jíbò wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní káro kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nínú ayédèrú, ó dára. Nínú àlòkù tòótọ́, ìtànṣán ń jẹ ẹ́. Kó tó di niodímù mú, ó ti yọ́ di omi ràdàràdà. Sùmáyà ti ṣe é títí, ó ti sú u, àwọn ará ibẹ̀ sì ti ń sọ pé bóyá kó padà sílé.

Ayọ̀ ni ohun tó kọ́kọ́ sọ nínú Sùfíyánù. Ó mú, ó gbóná, ó dùn bí oyin, ó sì mọ orúkọ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Kò pè é ní ebi. Ó jókòó tì í níbẹ̀, lórí àpótí lábò, ó jẹ́ kó ṣe tirẹ̀ tán, bí ènìyàn ṣe ń jẹ́ kí òtútù ibà mi òun tán. Lẹ́yìn náà ni ó dìde, ó lọ ra káro ní Ọjà Ńlá.

Èrò rẹ̀ ni pé ohun tó bá ti jóná, iná kì í tún bà á lẹ́rù. Ó di káro náà mọ́nú ìkòkò irin, ó dé e pa, ó fi iná sí i títí ó fi di èédú, kó tó wá sè é pọ̀ mọ́ oògùn Sùmáyà. Èyí àkọ́kọ́ di eérú. Òmíràn kò mú nǹkan kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yẹn, wọ́n ti ẹnu ọ̀nà yunifásítì pa, ó ń gba ẹ̀yìn wọlé. Nígbà tí ooru mú gan-an ṣáájú òjò, ó rí ọ̀kan tó ṣe é ṣe. Kò mọ̀ ọ́n yàn tó ti Sùmáyà. Ó máa ń fa díẹ̀ nínú aláwọ̀ ewé mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó le, kò sì ń yọ́. Ó fi í rán Jíbò tó ń lọ sí ìpàdé kan ní ilẹ̀ Faransé. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i lára.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni tẹlifóònù rẹ̀ dún. Sùmáyà ni. Ó kí i bí wọ́n ṣe ń kí ẹ̀gbọ́n ẹni, ó béèrè àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ní èédú náà dúró. Ó ní ju ìdajì niodímù tó wà nínú ìgò ló jáde, àwọn ará ibẹ̀ sì ń béèrè ẹni tó ṣe é. Òun ti ní ẹ̀gbọ́n òun ni.

Ariwo ọkọ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé.

"Mi ò tíì gbàgbé o, ẹ̀gbọ́n mi," ni Sùmáyà wí.

"Mo mọ̀."

"Ẹ ṣeun."

Kó tó pa á, Sùfíyánù bi í bí àlòkù tòótọ́ ṣe rí. Sùmáyà ní kò rí bí ènìyàn ṣe rò. Ó ní lẹ́yìn gíláàsì náà gbogbo nǹkan dà bí ohun tó wà nínú epo, ó pọ́n díẹ̀, ó jìnnà. Ó ní nígbà àkọ́kọ́ tí òun fi ọwọ́ irin gbé ìgò rẹ̀, apá òun gbọ̀n débi pé ọ̀gá òun ní kí òun sinmi. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan, tí wọ́n pa iná yàrá náà, òun rò pé òun rí i tó ń tàn.

Sùfíyánù fi tẹlifóònù mọ́ etí ṣinṣin. Òun ló fẹ́ wà níbẹ̀. Òun ló fẹ́ kí apá òun gbọ̀n. Ẹ̀gún náà wà níbi tó wà láti ọjọ́ orí afárá, kò kúrò, ó sì ta á bó ṣe máa ń ta á.

"Máa bá a lọ," ni ó wí fún àbúrò rẹ̀. "Irú àwọ̀ wo ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ní?"